Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Inú Iṣẹ́ Ológun Amẹ́ríkà Di Nọ́ọ̀sì, Dókítà Tàbí Òṣìṣẹ́ Ìlera Mìíràn

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá ṣáá: ṣé lóòótọ́ ni pé iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà máa ń rán èèyàn lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láìgba owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kò sọ́fẹ̀ẹ́ ní Freetown. Owó ni wọn kò ní gbà lọ́wọ́ yín, ọdún ni wọ́n máa gbà.

Ọ̀pọ̀ tó ń bọ̀ wá béèrè ló ti mọ iye owó oṣù, kò sì mọ ohun tó ṣe kókó jù. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ wo ló máa wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀? Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin di ojú ọgbẹ́ fún àwọn ọmọ ogun, tó sì jẹ́ pé ìwé EMT, ìyẹn ti òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, nìkan ló gbà, kò lè lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù aráàlú. Yóò padà sí kíláàsì. Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ fi yẹ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí wò.

## Ẹnu ọ̀nà wo ló ṣí sílẹ̀ fún yín?

Ọ̀nà méjì ni èèyàn ń gbà wọṣẹ́ ológun: bí enlisted, ìyẹn sójà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tàbí bí ọ́físà. Nọ́ọ̀sì tó ní digírì, dókítà, dókítà eyín àti physician assistant (amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà), ọ́físà ni gbogbo wọn. Medic (sójà tó ń tọ́jú ọgbẹ́), òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti òṣìṣẹ́ X-ray, enlisted ni wọ́n.

- Ọmọ Amẹ́ríkà ni yín: ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀.
- Green card lẹ ní: ẹ lè wọlé bí enlisted. Ẹ kò lè di ọ́físà títí ẹ ó fi di ọmọ Amẹ́ríkà.
- Físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ lẹ wà lórí rẹ̀: ìlẹ̀kùn ti tì. Ètò MAVNI tó máa ń gba irú yín kò gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́ láti 2016. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ẹ ṣáà mówó wá, gbájúẹ̀ ni. Wọn kì í san owó kí wọ́n tó wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tó ní green card, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Òfin gbà kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní àkókò tí ìjọba kà sí àkókò ogun tọrọ ìwé ọmọ Amẹ́ríkà láìdúró de ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001 ni wọ́n ti ń ka àkókò yìí. Fọ́ọ̀mù N-400 lẹ máa kọ, wọn kò sì ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ológun. Fọ́ọ̀mù N-426 ló ń jẹ́rìí iṣẹ́ yín, ọ̀gá tó láṣẹ nínú iṣẹ́ ológun ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Látìgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa béèrè ẹni tó ń bójú tó o, torí pé ẹni tí kò béèrè lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá lé èèyàn kúrò pẹ̀lú ìwé ìtìjú kí ó tó sin ọdún márùn-ún pẹ̀lú ọlá, ìjọba lè gba ìwé ọmọ ìlú náà padà.

## Ọ̀nà kìíní: wíwọlé bí enlisted

1. Ẹ yan iṣẹ́ kí ẹ tó yan ẹ̀ka.

Nínú Army, nọ́ńbà 68 ló bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ ìlera. Àwọn tí wọ́n ń béèrè jù nìyí:

- 68W, medic ojú ogun. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ 16, ìwé EMT ti àjọ NREMT ló sì ń fúnni.
- 68C, nọ́ọ̀sì LPN, ìyẹn nọ́ọ̀sì onípele ìsàlẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún kan, ẹni tó bá parí rẹ̀ máa ń jókòó fún NCLEX-PN, ìdánwò ìwé àṣẹ LPN.
- 68K, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. 68P, X-ray. 68D, yàrá iṣẹ́ abẹ. 68V, ìtọ́jú èémí. 68Q, ilé oògùn. 68E, eyín.

Bí ẹ bá bi mí, ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, 68C ni kó máa lé kiri. 68W ni àwọn agbanisíṣẹ́ ológun máa ń kọ́kọ́ nà síni torí pé medic ni wọ́n nílò jù, iṣẹ́ akin sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń fúnni kò gbéni jìnnà níta. 68K, 68P àti 68V náà dára fún ẹni tó fẹ́ ọsibítù ju pápá lọ, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ inú ológun bá èyí tí wọ́n ń ṣe níta mu gan-an.

Nínú Navy, hospital corpsman lorúkọ wọn. Ohun tí wọn kì í tètè sọ fún èèyàn ni pé àwọn Marine kò ní medic tiwọn, corpsman Navy ló ń bá wọn lọ sójú ogun. Ẹ lè wọ Navy torí ọkọ̀ ojú omi kí ẹ bá ara yín nínú iyanrìn pẹ̀lú àwọn Marine. Air Force ní 4N0X1, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọsibítù àti kílíníìkì.

2. Ẹ kàwé fún ASVAB.

Ìdánwò yìí ló ń pín iṣẹ́. Máàkì 31 ti tó láti wọ Army bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí girama, ṣùgbọ́n kò tó fún iṣẹ́ ìlera. 68W nìkan ń fẹ́ 107 ní GT àti 101 ní ST, máàkì méjì tí wọ́n ń ṣírò lọ́tọ̀ láti inú ìdánwò kan náà. Bí ẹ kò bá ṣe dáadáa, ẹ máa dúró oṣù kan kí ẹ tó tún un ṣe, oṣù kan sí i fún ẹ̀ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìyẹn oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ ṣáà lọ dán an wò lọ́la. Ìṣirò, òye ọ̀rọ̀ àti sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ tẹra mọ́. Bí ẹ bá kàwé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ tètè fi ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ìbáradọ́gba, ó máa ń pẹ́.

3. Ẹ kó ìwé ìlera yín jọ, kí ẹ sì sọ òtítọ́.

MEPS, ibùdó ìgbàwọlé àwọn ológun, ni wọ́n ti ń yẹ ara wò. Láti 2022 ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ MHS Genesis níbẹ̀, tó lè fa ìwé ìtọ́jú yín yọ láti ọsibítù tí ẹ ti lọ rí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní ikọ́ fée lẹ́yìn tí ẹ pé ọmọ ọdún 13: ó lè dí yín lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ lè tọrọ ìyọ̀ǹda pàtàkì tí wọ́n ń pè ní waiver. Bí ẹ bá purọ́, tí wọ́n sì rí i, ẹ̀sùn ni lábẹ́ òfin ológun, Abala 104a. Agbanisíṣẹ́ tó bá ní kí ẹ "ṣáà kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí gbogbo rẹ̀" kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi yín léèrè. Orúkọ tiyín ló wà lórí fọ́ọ̀mù.

4. Ẹ mú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kí ẹ tó búra.

Ní MEPS ni wọ́n á ti fi iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ hàn yín. Bí èyí tí ẹ fẹ́ kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè dìde kí ẹ máa lọ sílé, kí ẹ padà wá nígbà mìíràn. Ó máa ń ṣòro fún àwọn ọ̀dọ́ láti ṣe é nítorí ojú tó wà lára wọn, ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí ẹ ó fi fọwọ́ sí ìwé, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nínú Air Force, ẹ ṣọ́ra fún àdéhùn tó kàn sọ ẹ̀ka gbogbogbòò láìdárúkọ iṣẹ́.

5. Àkókò ìdúró.

Lẹ́yìn ìbúra àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ máa ń wà nínú Delayed Entry Program, tó lè tó ọdún kan. Bí ọkàn yín bá yí padà ní àkókò yìí, ẹ lè kọ lẹ́tà pé ẹ kò ṣe mọ́. Wọ́n lè halẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tíì di sójà.

6. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ 10 ni ti Army. Lẹ́yìn rẹ̀, Fort Sam Houston ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, ni ẹ̀kọ́ ìlera wà. METC, ilé ìwé ìlera àwọn ológun, ló wà níbẹ̀, tó ṣí ní 2010, tí ó sì ń kọ́ enlisted Army, Navy àti Air Force pọ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní kíláàsì lè rí ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìlera, níbi tí àìní bá wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ìwé kíkà ni kó jẹ́ iṣẹ́ yín nìkan.

## Ẹ dá dúró níbi ìwé àdéhùn

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. DD Form 4 lorúkọ ìwé àdéhùn enlisted, ó sì sọ ọ́ gedegbe pé ìlérí tí wọn kò kọ sínú rẹ̀ tàbí sínú àfikún rẹ̀ kò de ìjọba. Tí agbanisíṣẹ́ bá ṣe ìlérí 68C, owó ìbuwọ́lùwé $10,000 àti ibi tí ẹ máa gbé, tó sì jẹ́ pé 68W nìkan ló wà nínú ìwé, 68W ni ẹ gbà.

Ohun kejì ni ọdún. Àdéhùn ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọdún mẹ́rin tán pátápátá. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló jẹ gbèsè ọdún mẹ́jọ. Èyí tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá padà sílé, orúkọ yín á ṣì wà nínú ìwé wọn, wọ́n sì lè pè yín bí ogun bá le.

## Láti enlisted bọ́ sí ọ́físà

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní green card tí kò lówó ilé ìwé: ẹ wọlé bí enlisted, ẹ gba ìwé ọmọ ìlú, ẹ máa kó credit (ìwọ̀n ẹ̀kọ́ yunifásítì) jọ, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn ètò yìí.

- AECP ti Army, MECP ti Navy àti NECP ti Air Force: ilé ìwé nọ́ọ̀sì ni wọ́n rán yín lọ, owó oṣù yín kò sì dúró. Ọ́físà lẹ máa jẹ́ nígbà tí ẹ bá parí.
- IPAP, fún physician assistant. Oṣù 29 ni: oṣù 16 ní kíláàsì ní San Antonio, oṣù 13 nínú ọsibítù ológun. Wọ́n á béèrè credit 60 lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kọ̀wé sí i. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí sójà lásán ti lè di ẹni tó ń kọ oògùn fún aláìsàn láàárín ọdún mẹ́ta tí wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un.
- EMDP2, fún enlisted tó ti ní digírì àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ di dókítà. Oṣù 24 ló fi ń múra sílẹ̀ fún ilé ìwé ìṣègùn.

Wọn kì í mú gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé. Ìwé ẹ̀rí ìhùwàsí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí máàkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi Tuition Assistance, ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé tí ológun ń san, kó credit yẹn jọ nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́: ó ń san tó $250 fún credit kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ìlera tí ẹ ṣe nínú ológun á hàn nínú JST, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ sójà, Air Force ní tirẹ̀ ń lo CCAF, kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé nọ́ọ̀sì tí ẹ ń fojú sí iye tó máa kà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ díẹ̀ péré.

## Ọ̀nà kejì: ọ́físà

Nọ́ọ̀sì. BSN (digírì nọ́ọ̀sì) àti ìwé àṣẹ RN (nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀) ni wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ gbogbo ìgbà. ADN, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tó kéré sí BSN, kò tó. Ẹni tó ṣì wà ní yunifásítì lè gba ROTC, ètò tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ́físà, kó san owó ilé ìwé. Ẹni tó ti parí lè tọrọ kí wọ́n bá òun san gbèsè ilé ìwé, tàbí kó gba owó ìbuwọ́lùwé. Ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún gbèsè yín ni kí ẹ béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì sọ fún yín bóyá wọ́n ń sáré pọ̀ tàbí ọ̀kan ní láti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Dókítà, nípasẹ̀ HPSP, ètò ìrànlọ́wọ́ owó fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Army, Navy àti Air Force ló ní in. Wọ́n á san gbogbo owó ilé ìwé ìṣègùn tí ìjọba fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà tàbí Puerto Rico. Wọ́n á tún fún yín ní owó ọwọ́ tó ju $2,000 lọ lóṣooṣù. Ọjọ́ 45 lọ́dún lẹ máa fi ṣe iṣẹ́ ológun. Fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin lẹ jẹ wọ́n.

Ibí yìí ni ìṣirò ti ń daru mọ́ èèyàn lójú. Àkókò residency, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ dókítà lẹ́yìn ilé ìwé, kì í san gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbogbogbòò nínú ọsibítù ológun á lo ọdún mẹ́rin ní ilé ìwé, ọdún márùn-ún ní residency, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í san ọdún mẹ́rin tó jẹ. Ọdún 13 nìyẹn látìgbà tó ti buwọ́ lùwé.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dá yan residency. Àwọn ológun ní ìpínwọlé tiwọn, èsì rẹ̀ sì ń jáde ní oṣù kejìlá, ṣáájú ti aráàlú tó ń jáde ní oṣù kẹta. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣe ọdún kan péré, kí wọ́n wá rán yín lọ sínú ọkọ̀ ojú omi tàbí sáàárín àwọn awakọ̀ òfurufú bíi dókítà gbogbogbòò fún ọdún mélòó kan kí ẹ tó padà wá parí rẹ̀. Navy ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Bí ọkàn yín bá wà lórí ẹ̀ka kan tí ẹ kò lè fi sílẹ̀, ẹ bá dókítà ológun tó wà ní ẹ̀ka náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba HPSP.

Dókítà, nípasẹ̀ USU. Ilé ìwé ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ni, ó wà ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland, òfin 1972 ló sì dá a sílẹ̀. Kò sí owó ilé ìwé, owó oṣù ọ́físà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Ọdún méje lẹ jẹ wọ́n, lẹ́yìn residency. Ìkànnì AMCAS náà lẹ máa fi kọ̀wé sí i, bíi ti ilé ìwé ìṣègùn yòókù, ìdánwò MCAT sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ ológun ṣe ayé, USU ló bá a mu. Ẹni tí kò tíì dá lójú, kó lọ HPSP.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Rírò pé oníṣègùn kì í gbé ìbọn. 68W ń gbé e, wọ́n sì ń lọ ibi tí ọta wà.
- Kíkọ ètò sí orí owó ìbuwọ́lùwé. Owó náà ń yí padà, wọ́n sì lè gbà á padà bí ẹ kò bá parí àdéhùn.
- Kíkọ̀wé sí HPSP lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà gùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ilé ìwé ìṣègùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.
- Gbígbàgbé GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tó ti sin iṣẹ́ ológun. Ẹni tó bá sin oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́ gbogbo ìgbà ní ẹ̀tọ́ sí i kíkún: oṣù 36 ti ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ medic, lẹ́yìn iṣẹ́ ológun ni wọ́n ti fi èyí di RN. Ẹ lè gbé e fún ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti sin ọdún mẹ́fà, kí ẹ sì gbà láti sin mẹ́rin sí i.
- Gbígba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gba ọ́físà ìlera yàtọ̀ sí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì àdúgbò, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni tó ń gba enlisted kò mọ HPSP rárá. Ẹ béèrè ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ ìlera.

## Bí iṣẹ́ ológun gbogbo ìgbà kò bá wù yín

National Guard àti Reserve ń fẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún. Ó dára fún ẹni tó ti wà ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì, tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ owó. Ṣùgbọ́n wọ́n lè pè yín síṣẹ́ gbogbo ìgbà ní àárín ọdún ìwé.

US Public Health Service Commissioned Corps ń wọ aṣọ, ó ní ipò ọ́físà, àmọ́ kì í gbé ìbọn, kì í sì í ṣe ara ológun. National Health Service Corps ní tirẹ̀ jẹ́ ti aráàlú pátápátá: ó ń san owó ilé ìwé fún àwọn tó máa lọ ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ti wọ́n, ó kéré tán ọdún méjì. Ọmọ Amẹ́ríkà ló ń gbà.

Fún ẹni tó ti ń múra àtikúrò nínú iṣẹ́ ológun, ètò SkillBridge lè jẹ́ kí ó lo oṣù mélòó kan tó kẹ́yìn nínú ọsibítù aráàlú, kí owó oṣù ológun ṣì máa wọlé. Àwọn ọsibítù VA, tí ìjọba fi ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, náà ń gba medic àti corpsman tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun bí Intermediate Care Technician.

## Kí ẹ tó buwọ́ lùwé

- [ ] Orúkọ àti nọ́ńbà iṣẹ́ tí mo fẹ́ wà nínú ìwé àdéhùn gan-an.
- [ ] Mo mọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ aráàlú tí ẹ̀kọ́ náà ń fúnni, mo sì ti wò ó lójú òfin ìpínlẹ̀ tí mo fẹ́ gbé.
- [ ] Mo ti ka iye ọdún: ti iṣẹ́ gbogbo ìgbà, ti Reserve, àti àpapọ̀ mẹ́jọ.
- [ ] Gbogbo owó tí wọ́n ṣèlérí wà nínú àfikún, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n máa san án.
- [ ] Mo ti bá ẹni kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí sọ̀rọ̀, tí kì í ṣe agbanisíṣẹ́.
- [ ] Ìyàwó tàbí ọkọ mi mọ̀ pé wọ́n lè rán mi lọ sí òkèèrè fún oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- [ ] Mo ti mú ẹ̀dà gbogbo ìwé lọ sílé, mo sì ti kà á tán lójú òru kan kí n tó padà lọ.